Láti Ẹnu Òkun Èkó Dé Ìbẹfun: Òfin Ìgbà Ogun Lórí Ìrìn Ọkọ̀ Ojú Omi, 1939–1945

Ìfáárà

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí ilẹ̀ Jámánì ní ọjọ́ 3 oṣù Owérè ọdún 1939, kò sí ẹni tí ó lè rí òkun láti ìloro ilé rẹ̀ ní Ìbẹfun. Ìlú àgbẹ̀ ni ìlú náà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Ọ̀nà oko ni àwọn ará ibẹ̀ ń tọ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe ọ̀nà èbúté. Síbẹ̀, kí ogun náà tó parí, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin ọlọ́jà irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti rí i pé ọ̀rọ̀ òkun kò jìnnà sí wọn bí wọ́n ti rò. Iyọ̀ di ohun tí à ń wá kiri. Iye tí wọ́n ń san lórí èkùrọ́ kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń pa á mọ́. Gààrí tí obìnrin kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan di ohun tí ìjọba ń dá iye lé.

Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń gbà wọ inú ìwé ìtàn. Àwọn tí ń kọ nípa ogun ojú omi a máa sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ abẹ́ omi àti ìbọn etí òkun, wọn a sì dúró síbẹ̀. Àwọn tí ń kọ nípa ọrọ̀ ajé a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó ọjà, bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ni ọ̀wọ́n ti já bọ́. Àpilẹ̀kọ yìí yóò gbìyànjú láti so okùn méjèèjì pọ̀. Ohun tí ó fẹ́ ṣàlàyé ni bí àṣẹ tí ó sọ ìgbà tí ọkọ̀ ńlá lè wọ èbúté Èkó àti ìgbà tí ó lè jáde ṣe di ọ̀ràn inú agbada gààrí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Òkun, ọ̀sà àti ibodè

Yorùbá kì í pe òkun àti ọ̀sà ní orúkọ kan náà. Olókun ni ó ni ọ̀kan, Ọlọ́sà ni ó ni èkejì, ìwà wọn kò sì bára mu. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ìgbàgbọ́ nìkan. Ọ̀sà ni ọ̀nà ilé: láti Àjàṣẹ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, omi náà gba Àgbádárìgì kọjá wá sí Èkó, ó gba Ìkòròdú, Èjìnrìn àti Èpẹ́ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ àjẹ̀ lè rìn ín láì fojú kan òkun rárá. Òkun ni ọ̀nà òkèèrè. Ní ẹnu omi Èkó ni àwọn méjèèjì ti pàdé, ẹnu náà kò sì fẹ̀.

Yanrìn tí ìgbì ń gbá jọ sí ẹnu omi náà ti da àwọn atukọ̀ láàmú tipẹ́. Títí di nǹkan bí ọdún 1914, àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi jù kì í wọ Èkó; Forcados ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò sì máa kó ẹrù wọn wá. Ògiri òkúta tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí mọ sínú òkun láti ọdún 1907 ni ó jẹ́ kí omi lè ti yanrìn náà síwájú, kí ọ̀nà sì jìn tó. Ní ọdún 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Apápá, tí ó gùn tó 1,800 ẹsẹ̀ bàtà, tí ọkọ̀ ńlá mẹ́rin sì lè so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí òkè. Nípa báyìí, nígbà tí ogun dé, ẹnu kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú ẹrù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ń gbà jáde, ẹnu kan náà ni iyọ̀, aṣọ àti epo òyìnbó ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá di ẹnu náà mú ti di ọ̀fun mú.

Kò yẹ kí a rò pé ohun àjèjì ni títi ọ̀nà jẹ́ lójú àwọn Ìjẹ̀bú. Àwọn gan-an ni ó mọ̀ ọ́n jù. Ní gbogbo ìgbà tí ogun fi ń jà láàárín àwọn ìlú Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníbodè Ìjẹ̀bú ni ó ń sọ ẹni tí yóò kọjá sí etí ọ̀sà àti ẹni tí yóò padà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí náà ni ó fa ogun ọdún 1892. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà ní Èkó pé àwọn yóò ṣí ọ̀nà, ìjọba yóò sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èpẹ́ gòkè, wọ́n sì ja ìjà Ìmagbọ̀n ní ọjọ́ 19 oṣù Èbìbí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà kò tíì pé àádọ́rin ọdún nígbà tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí ìjọba tí ó fi ìbọn ṣí ọ̀nà ní orúkọ òwò. Ó tún wá pẹ́ láyé tó láti rí ìjọba kan náà tí ó ń ti ọ̀nà.

Àṣẹ ẹnu òkun

Òfin ìdáàbòbò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní ọdún 1939 fún àwọn gómìnà ilẹ̀ àmúnisìn ní agbára tí ó pọ̀ jọjọ. Sir Bernard Bourdillon ni Gómìnà Nàìjíríà nígbà náà. Sir Arthur Richards ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1943. Ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ń pè ní Máríìnì ni ó ń bójú tó èbúté àti àwọn afinimọ̀nà ọkọ̀, nítorí pé ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣàkóso èbúté Nàìjíríà títí di òní ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ogun dé, àṣẹ àwọn ọ̀gá ogun ojú omi wá borí ti Máríìnì.

Ní àwọn èbúté tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ kọrí sí ẹnu èbúté tààrà. Yóò dúró ní ibi tí wọ́n yàn fún un lójú òkun. Ọkọ̀ kékeré kan yóò lọ bá a, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ yóò sì bi í ní orúkọ, ibi tí ó ti ń bọ̀, ohun tí ó rù àti àmì àṣírí tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àkókò náà. Bí ìdáhùn bá ṣe déédéé, ó lè wọlé. Bí kò bá ṣe déédéé, ìbọn ńlá etí òkun wà níbẹ̀ láti dá a dúró. Ọkọ̀ tí ó ń jáde kò lè dá ọjọ́ fún ara rẹ̀. Inú ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa ni ọ̀gá ọkọ̀ ti ń gba ọ̀nà tí yóò tọ̀. Iná ojú omi tí ó ti ń tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà láti ọjọ́ pípẹ́ di ohun tí wọ́n ń dín kù tàbí tí wọ́n ń pa, nítorí ohun tí ó ń tọ́ ọ̀rẹ́ sọ́nà lè tọ́ ọ̀tá náà. Ìròyìn pé ọkọ̀ kan ti dé tàbí pé òmíràn fẹ́ lọ, èyí tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀ jáde láìfòyà kí ogun tó dé, wá di àṣírí. Ìpalára èyí fún oníṣòwò kékeré kò ṣe é fojú kéré. Ẹni tí ó ń ra èkùrọ́ jọ láti tà fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó kò mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ sì wà nínú àpò tí ó jókòó kalẹ̀.

Ìbéèrè tí ó yẹ ní bíbéèrè ni bóyá ewu náà tó ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Ó tó. Ní ọdún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí ń jẹ́ U-107 nìkan ri ọkọ̀ mẹ́rìnlá nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú wọn ní agbègbè òkun Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ní ìparí oṣù Èbìbí ọdún kan náà, òmíràn, U-69, tí Jost Metzler jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, fi òru bojú wá sí Takoradi àti Èkó, ó sì ri àwọn àdó olóró sínú omi, irú èyí tí ń bú gbàmù bí ọkọ̀ bá dé orí rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdù ni ọ̀kan nínú wọn bú mọ́ ọkọ̀ Robert Hughes lẹ́nu omi Èkó, ó sì rì í. Ẹ wo irú ọkọ̀ tí ó jẹ́: ọkọ̀ tí ń kó yanrìn kúrò nísàlẹ̀ omi ni, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé ọ̀nà èbúté kò dí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tí ó lè sọ pé ogun náà kò dé Èkó.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ọdún 1942 tún fi hàn bí ohun tí ń lọ ní èbúté ṣe lè bọ́ lójú àwọn ará ìlú pátápátá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọkọ̀ méjì tí a fi ń wọ́ ọkọ̀ mìíràn, Vulcan àti Nuneaton, jáde láti Èkó, àwọn ọmọ ogun ìkọ̀kọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú wọn. Fernando Po, erékùṣù ilẹ̀ Sípéènì tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ni wọ́n lọ. Ní òru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15, wọ́n já ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ ńlá Ítálì kan tí ń jẹ́ Duchessa d'Aosta, wọ́n sì wọ́ ọ wá sí Èkó. Òfin tí ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ nípa ìrìn ọkọ̀ ń dáàbò bo ọkọ̀ oníṣòwò, òótọ́ ni. Ó sì tún ń bo irú iṣẹ́ báyìí mọ́lẹ̀.

Ibi tí òfin wọ̀nyí kò ti lágbára ni ohun tí kò ní àsíá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wáyé nínú ogun ìṣáájú. Ní oṣù Owérè ọdún 1918, nígbà tí ojú gbogbo wà lára ọ̀tá, ọkọ̀ Bida ni ó gbé lúkúlúkú wọ Èkó, àrùn náà sì pa ènìyàn ju ohun tí ìbọn Jámánì pa ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lọ fíìfíì.

Ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀sà, ọ̀ràn ọ̀tọ̀ ni. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Faransé ṣubú ní oṣù Òkúdù ọdún 1940, Dàhòmì wà lábẹ́ ìjọba Vichy títí di ìparí ọdún 1942. Omi tí àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì ti ń tukọ̀ lórí rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn wá di ààlà láàárín ìjọba méjì tí kò fojú rere wo ara wọn. Àwọn ẹbí kan náà ni ó wà ní apá méjèèjì.

Ìrìn àjùmọ̀rìn àti àyè inú ọkọ̀

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dáàbò bo àwọn ọkọ̀ ẹrù ni pé kí wọ́n má ṣe dá rìn. Wọn yóò kó ara wọn jọ ní Freetown, ọkọ̀ ogun yóò sì yí wọn ká títí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù Owérè ọdún 1939 ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún ń to àwọn ọkọ̀ tí ń rìn láàárín Èkó, Takoradi àti Freetown jọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ètò náà kò ní àbùkù: láàárín ọjọ́ 30 oṣù Igbe àti ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí ọdún 1943, ọkọ̀ abẹ́ omi U-515 ri ọkọ̀ méje nínú agbo kan tí ó ń lọ sí Freetown.

Bí ó ti wù kí ó rí, ìrìn àjùmọ̀rìn ní iye tí ó ń náni. Ọkọ̀ tí ó lọ́ra jù nínú agbo ni ó ń sọ bí gbogbo wọn yóò ṣe yára tó. Ọkọ̀ tí ó ti di ẹrù tán ní Apápá lè dúró títí agbo yóò fi pé. Ìrìn tí ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́lẹ̀ wá gùn sí i, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kan náà kò lè wá tó iye ìgbà tí ó ti ń wá lọ́dún. Láìka èyí tí ó rì sí omi, àyè inú ọkọ̀ ti dín kù nítorí ìdúró nìkan. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí àwọn ará Èkó mọ àwọn ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni mọ owó, pàdánù Accra ní ọdún 1940, Apapa ní ọdún kan náà, Adda ní ọdún 1941 àti Abosso ní ọdún 1942.

Níbi tí àyè bá ti kéré, ẹnìkan ni yóò pín in. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, ibẹ̀ sì ni òfin ojú omi ti di òfin ọjà. Láti ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba ríra gbogbo kòkó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1942 ni ìgbìmọ̀ kan wá gba àkóso kòkó, èkùrọ́, epo pupa àti ẹ̀pà papọ̀. Wọ́n ra kòkó tí kò rí ọkọ̀ gbé, wọ́n sì dáná sun apá kan nínú rẹ̀. Nígbà tí Japan gba Malaya àti Singapore ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, òwò yí padà: èkùrọ́ àti rọ́bà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí ní ìlà-oòrùn mọ́ di ohun tí wọ́n ń bẹ àgbẹ̀ ilẹ̀ wa pé kó wá. Ìjọba ni ó ń dá iye lé e.

Pínpín àyè náà kò sì bá gbogbo ènìyàn dọ́gba. Ohun tí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ti rà tàbí tí ó ti kó wọlé kí ogun tó dé ni wọ́n fi ń wọn ohun tí wọn yóò fún un. Ẹni tí ó ti jẹ́ ńlá tẹ́lẹ̀ ni òfin náà mú tóbi sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó jàǹfààní jù. Oníṣòwò Ìjẹ̀bú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ kò ní ìwé tí yóò fi han ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe láti gbà pé ogun ni ó dín ọkọ̀ kù. Kò rọrùn láti gbà pé ogun ni ó yan àwọn tí yóò jẹ nínú èyí tí ó kù.

Ọ̀sà ní ìgbà Hítílà

Òfin ẹnu òkun kò bá ọkọ̀ àjẹ̀ tí ń ti Èjìnrìn bọ̀ wí. Kò gba ẹnu òkun kọjá, U-69 kò sì ní ohun tí yóò fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ogun náà kan náà ni ó fún ọ̀sà ní iṣẹ́ tuntun. Bẹntiróòlù di ohun tí wọ́n ń pín. Táyà kò sí, nítorí ilẹ̀ Malaya tí rọ́bà ti ń wá ti bọ́. Lọ́rì tí ó ti ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn atukọ̀ lọ́wọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn kò ní ohun tí yóò fi rìn. Ẹ má gbàgbé pé títí di àwọn ọdún 1950, kò tíì sí ọ̀nà mọ́tò tí ó dára láti Ìkòròdú dé Èkó. Omi ni wọ́n ń dá kọjá. Nítorí náà, ẹrù Ìbẹfun àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ń gba orí obìnrin tàbí orí kẹ̀kẹ́ dé etí omi ní Ìtóìkín tàbí Èjìnrìn, kí ó tó wọ inú ọkọ̀ lọ sí Èkó.

Gààrí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹrù náà. Èkó ń gbòòrò: ènìyàn bí 126,000 ni ìkànìyàn ọdún 1931 rí níbẹ̀, ti ọdún 1950 sì rí 230,256. Lákòókò ogun, àwọn ọmọ ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ wọ ìlú náà. Oúnjẹ òyìnbó kò wọlé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú, tí ó kúnná, tí ó kan dáadáa, tí ó ṣe é fi omi tútù mu, wà lára ohun tí gbogbo wọn ń jẹ. Nígbà tí iye rẹ̀ ń lọ sókè, ìjọba fi Kápútẹ́ẹ̀nì A. P. Pullen ṣe alákòóso oúnjẹ ní Èkó. Ó dá iye lé gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, ó sì dá ọjà sílẹ̀ tí wọ́n ti ń tà á ní iye ìjọba, èyí tí àwọn ènìyàn fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọ̀rọ̀ náà kọntiróòlù wọ èdè Yorùbá nígbà náà, kò sì jáde mọ́.

Àṣìṣe Pullen hàn kedere sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti yan gààrí rí. Ó dá iye lé gààrí ní Èkó, ṣùgbọ́n kò lè dá iye lé iṣẹ́ tí ó wà nínú híhú pákí, bíbó o, rírin ín, fífún un àti yíyan án. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fún obìnrin tí ó yan án ní iyọ̀ àti aṣọ ní iye ìjọba. Ohun tí obìnrin Ìjẹ̀bú ń tà ni wọ́n ń dá iye lé, ohun tí ó ń rà ń gòkè, nítorí pé ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé e wá, ọkọ̀ òkun kò sì tó. Ó lè jẹ gààrí rẹ̀ nílé. Ó lè tà á lóru fún ẹni tí yóò fún un ní iye tí ó tọ́. Ọ̀sà fẹ̀, ihò inú rẹ̀ pọ̀, kò sì sí iye ọlọ́pàá tí ó lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Awùjalẹ̀ Gbélégbùwà Kejì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni ìjọba ń gbà bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n àṣẹ ààfin kò lè mú kí ìyá kan ta ọjà rẹ̀ ní àdánù.

Ní Èkó, Àlímọ́tù Pelewura, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, ni ó dìde sí ètò náà. Obìnrin tí kò kàwé ni, ọjà Eréko ni ó sì ti ń ta ẹja. Ó ti ṣáájú àwọn obìnrin láti kọ owó orí ní ọdún 1940. Ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí kò mọ bí oúnjẹ ṣe ń ti oko dé ọjà kò lè bọ́ Èkó. Ìyà kan náà ni ó wà nídìí ìdásẹ́sílẹ̀ ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Òkúdù ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ti ojú irin wà lára wọn, sọ pé owó oṣù àwọn kò lè ra oúnjẹ mọ́.

Nígbà tí ogun parí ní ọdún náà, òfin ẹnu òkun ni ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n tan iná ojú omi padà, ìwé ìròyìn sì tún ń tẹ orúkọ ọkọ̀ jáde. Ohun tí ọ̀wọ́n àyè inú ọkọ̀ bí kò bá a lọ. Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ tí yóò máa ra kòkó Nàìjíríà rọ́pò ti ìgbà ogun. Ní ọdún 1949, wọ́n dá ti èso ọ̀pẹ àti ẹ̀pà sílẹ̀. Ní ọdún 1954, wọ́n pín wọn fún àwọn ẹ̀kùn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ń fi èrè inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú. Ọdún 1986 ni ìjọba Nàìjíríà tó fòpin sí wọn. Títí di ìgbà náà, ọ́fíìsì ìjọba ni ó ń sọ iye tí àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò gbà lórí kòkó rẹ̀.